Ìyá Mi àti Ọkọ̀ Tó Ń Hó

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, omi ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń wọ ọkọ̀ bàbá mi kí ènìyàn tó wọ̀ ọ́. Èmi ni mo máa ń fà á láti inú kànga tó wà láàárín agboolé wa ní Pobè, ní orílẹ̀-èdè Benin, láàárọ̀, nígbà tí ìgbálẹ̀ ìyá mi ṣì ń dún ṣáṣá lórí ilẹ̀ pupa, tí àwọn ewúrẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń ké pé kí a tú àwọn sílẹ̀. Bìdọ́ọ̀nù mẹ́ta, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì omi, ni mo gbọ́dọ̀ pọn kún. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án ni mí, èmi nìkan ni ìyá mi bí, apá mi kò sì tíì le, nítorí náà ìdajì-ìdajì ni mo máa ń gbé e, tí omi á máa dà sí mi lẹ́sẹ̀. Tí mo bá bi bàbá mi pé kí ni ọkọ̀ ń fi omi tó pọ̀ tó báyìí ṣe, á ní, “Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.” Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà dàgbà jù mí lọ. Bàṣé ni a máa ń pè é, iwájú rẹ̀ gba ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n bá fún ara wọn pọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ ibi ẹrù tí wọ́n fi tapólì bò. Torí rẹ̀ ni gbogbo Pobè ṣe ń pe bàbá mi ní Ṣófẹ̀, ìyẹn awakọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, a máa ń mọ̀, nítorí ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó gun òkè ẹnu ọ̀nà wa.

Ènìyàn mẹ́rin ni wá nínú ilé. Táàsí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Ọ̀rọ̀ àwọn Gun ni, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń pe ọmọ ìyá bàbá ẹni tó bá jẹ́ obìnrin. Issaba ló gbé ilé ọkọ, ọkọ rẹ̀ kú, ó sì padà wá bá wa pẹ̀lú ewúrẹ́ mẹ́fà àti àpótí kan tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn. Ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń sìn ni òun náà ń sìn. Ìyá mi ní tirẹ̀, ọmọ Aguidi, ìjọ aláṣọ funfun tó bẹ̀rẹ̀ ní Porto-Novo ló ń lọ; lọ́jọ́ Ìsinmi, á wọ sùtánà rẹ̀, á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé, á fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ibi ìsìn. Síbẹ̀, inú ìkòkò kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Lálẹ́, tí ẹ̀wà bá jinná, Táàsí ni yóò bu epo sí i, ìyá mi ni yóò fọ́n gààrí lé e lórí, wọ́n á sì máa fi ọ̀rọ̀ pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Mi ò rí ìjà láàárín wọn rí kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bóyá ìjà náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ojú ọmọdé kò gbé e. Mi ò mọ̀.

Gààrí ni iṣẹ́ ìyá mi. Á yan án láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ̀yìn ilé wa á kún fún èéfín àti òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan, igbá rẹ̀ á sì máa ha ìkòkò agbada náà wọ́ọ̀rọ̀, wọ́ọ̀rọ̀, títí oorun á fi gbé mi lọ. Tí ọjà Sakété bá ti pé, bàbá mi á di àpò mẹ́jọ sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá mi á jókòó síwájú, èmi á wà láàárín wọn tí kò bá sí ilé ìwé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó hó, a ti rìn kọjá ìdajì ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ kékeré kan wà níwájú bàbá mi nínú gíláàsì, ó gbéra láti àárín, ó ń lọ sí ibi pupa, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ rìn. Lẹ́yìn náà ni èéfín funfun yọ láti iwájú ọkọ̀, ohùn kan sì ń jáde tó dà bí ìgbà tí omi bá dà sórí iná. Bàbá mi dúró lẹ́bàá igbó ọ̀pẹ, ó ní kí a sá sọ̀kalẹ̀. Ó fi àkísà tútù ṣí ibi omi, omi náà sì fò sókè ju orí rẹ̀ lọ. Ìyá mi fà mí mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè mí. Nígbà tí a dé Sakété, ọjà ti ń tú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ ọjà kejì, ó hó. Ọjọ́ ọjà kẹta, ó hó níbi kan náà. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, tí bàbá mi bá ń fi ọkọ̀ kó ẹyìn láti oko tó wà lẹ́yìn ìlú, tàbí tó gbé aláboyún kan dé ilé ìwòsàn, kò ní hó. Bàbá mi pààrọ̀ páìpù rọ́bà, ó fọ ibi omi, ó ra ìdérí tuntun, kò tán. Táàsí ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn bi bàbá mi bí ẹni tó ń bi í pé níbo ló fi ọ̀bẹ sí.

“Ṣófẹ̀, ọjọ́ wo ni ọkọ̀ yìí hó tí ìyàwó rẹ kò sí nínú rẹ̀?”

Bàbá mi wo òkè, ó ń ronú, mo rí i pé ó ń wá ọjọ́ kan tó lè sọ. Kò rí i. Èmi náà wá a lọ́kàn mi, mi ò rí i. Ìyá mi gbé ẹ̀fọ́ tirẹ̀, ó wọ ilé ìdáná lọ.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan yí padà nínú ilé tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó tan àbẹ́là yí ọkọ̀ ká ní ìrọ̀lẹ́, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ gbàdúrà. Táàsí náà bu omi tútù sílẹ̀ níwájú táyà, ó bá àwọn tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ọjà, ó hó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyá mi. Mo máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń po ẹ̀bà, mo máa ń fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ nígbà tó bá sùn láti mọ̀ bóyá ó gbóná ju ti ènìyàn lọ. Ó gbóná lóòótọ́, nítorí iwájú iná ló ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò ro ìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé méjèèjì lè wà nínú ọmọ kan láìjẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá.

Ohun tó wá dá mi lójú ṣẹlẹ̀ ní ìgbà òjò. Ibà dá ìyá mi dúbúlẹ̀, bàbá mi sì ní nǹkan kan láti gbà wá ní Sakété, ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Ẹrù kankan kò sí lẹ́yìn ọkọ̀. Òjò ń rọ̀ láti Pobè títí a fi dé, mo tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, kò kúrò láàárín. A lọ, a bọ̀, bìdọ́ọ̀nù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sílé bí mo ṣe pọn wọ́n. Bàbá mi kọrin díẹ̀ nígbà tí a ń bọ̀, ó sì ti pẹ́ tí mo gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀. Mo jókòó ti í, ẹ̀rù ń bà mí nítorí pé inú mi dùn.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà míì pé, ara ìyá mi ti yá. Wọ́n ti di ẹrù tán. Ó ti gun ọkọ̀, ó ti na ọwọ́ kí n di ọwọ́ náà mú gòkè. Mi ò dì í mú. Mo dúró nílẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn ara mi.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá máa lọ. Tí ẹ bá wà níbẹ̀, yóò hó.”

Bàbá mi di kẹ̀kẹ́ ìdarí ọkọ̀ mú, ó ń wo iwájú. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Mo rò pé yóò ní, “Pa ẹnu mọ́.” Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Kò sọ ọ́. Ìyá mi wo bàbá mi, ó wò mí, ó sọ̀kalẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró. Ó ní, “Ẹ máa lọ, màá bá yín lọ́jà,” ó sì rìn lọ sí títì láti wá ọkùnrin ọlọ́kadà tí a ń pè ní zẹ́mì, kí ó lè lọ ta gààrí rẹ̀ tí ọkọ̀ yóò gbé lọ ṣáájú rẹ̀. Táàsí ló bọ́ sí ipò rẹ̀ níwájú, ó ní òun ní ìbátan kan láti kí ní Sakété. Wọ́n fi mí sílẹ̀ pé kí n ṣọ́ ilé. Mo jókòó lórí òkúta ìlọ̀ ata títí oòrùn fi ká mi mọ́bẹ̀.

Ọkọ̀ náà hó. Ó hó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ míì ló fi okùn fà wọ́n wálé, gèlè Táàsí ti ṣí, ojú rẹ̀ kún fún eruku. Ìyá mi ti dé ṣáájú wọn. Zẹ́mì tó gbé e ti kọjá lára wọn lọ́nà, ìyá mi sì rí wọn níbi tí èéfín ti ń yọ, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó lọ sọ fún Ọ̀gá Làmídì, mẹkáníìkì kan ní Sakété tí òun àti bàbá mi jọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, pé kí ó wá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọkọ̀ ti hó láìsí ìyá mi nínú rẹ̀. Àmọ́ bí Táàsí ṣe ń fọ eruku kúrò lójú, ó ní, “Àpò rẹ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ló wà lẹ́yìn wa.” Orí mi dàrú pátápátá. Mo wo àpò gààrí, mo wo ìyá mi, mo wo oúnjẹ tó wà níwájú mi tí ọwọ́ rẹ̀ náà kàn, mi ò sì lè jẹ ẹ́.

Ọ̀gá Làmídì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọkùnrin kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ kò ga, ó sì ní àṣà kan: kì í wo ojú ènìyàn tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló wà nínú ọkọ̀. Ó béèrè pé, “Báwo ni ẹrù náà ṣe wúwo tó? Ó máa ń rìn fún ìgbà wo kó tó hó?” Bàbá mi dáhùn. Ọ̀gá Làmídì tú omi ọkọ̀ sínú bàsíà, ó yọ páìpù rọ́bà ńlá tó wà lókè, ó tú ìdè irin méjì, ó sì fi ọ̀bẹ yọ nǹkan kékeré kan jáde láti inú irin. Roboto ni, ó fẹ̀ tó ẹnu ife, ó ní sípíríìn nísàlẹ̀, ìpẹtà sì ti bò ó. Ó ní kalọsitá ni orúkọ rẹ̀.

“Ilẹ̀kùn ni,” ó wí. “Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, yóò tì. Tó bá gbóná, yóò ṣí, kí omi gbígbóná lè kọjá lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Mo fura pé tiyín kì í ṣí tán mọ́. Ìyá Àṣàbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé omi kaná.”

Èmi ni Àṣàbí. Ìyá mi gbé ìkòkò tó kéré jù síná. Ọ̀gá Làmídì mú kalọsitá tuntun kan jáde látinú àpò rẹ̀, ó fi wáyà so méjèèjì rọ̀ sínú omi, tuntun lápá ọ̀tún, àtijọ́ lápá òsì. Gbogbo wa yí ìkòkò náà ká. Táàsí gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ọn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ó ń yọ ìfófòó wẹ́wẹ́. Kí ó tó hó dáadáa, ti ọ̀tún mira. Àárín rẹ̀ rọra lọ sísàlẹ̀, ó ṣí, ó dà bí ojú ẹni tó ń jí. Ti òsì kò ṣe nǹkan kan. Omi hó, ó ń fò, ó ń pa iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti òsì kàn ya díẹ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lè gbà kọjá, ó sì dúró síbẹ̀.

Ìyá mi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ ìkòkò kúrò lórí iná, ó sì gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ọmọ ló wà nínú rẹ̀.

“Ṣé ẹ rí i,” Ọ̀gá Làmídì wí, “tí ọ̀nà bá kúrú tí ẹrù kò sí, ihò kékeré yìí tó o. Lọ́jọ́ ọjà, àpò mẹ́jọ, ọ̀nà jíjìn, kò lè tó.”

“Ọjọ́ tí òjò rọ̀ ńkọ́?” mo bi í. “A dé Sakété, kò hó.”

“Ẹrù wà níbẹ̀?”

“Kò sí.”

“Òjò sì ń tù ú lára. Ó parí.”

Mo mi orí pé ó yé mi. Kò yé mi. Nǹkan tí kò lójú tí kò lọ́wọ́, báwo ló ṣe mọ̀ pé omi ti gbóná? Kí ló wá dé tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ìyá mi wà níbẹ̀ nìkan ni ẹrù máa ń wà? Mo mọ ìdáhùn náà bí mo ṣe ń bi ara mi, gààrí rẹ̀ ni ẹrù. Síbẹ̀, ìbéèrè náà kò lọ.

Ó ku ohun kan. Láàárín irin méjì tí wọ́n ń so pọ̀ níbẹ̀, ìwé kan tó nípọn máa ń wà tí wọ́n ń pè ní júwẹ̀nù, òun ni kì í jẹ́ kí omi jò. Ti àtijọ́ ti ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ nígbà tí Ọ̀gá Làmídì ń ha á kúrò, kò sì mú òmíràn wá. Bàbá mi mú páálí kan wá nínú ilé. Wọ́n tẹ irin tó ní girísì mọ́ ọn kí àmì rẹ̀ lè hàn, ọwọ́ bàbá mi wá tóbi jù fún sísọ́ọ̀sì mi tí mo fi ń gé ìwé nílé ẹ̀kọ́. Mo ní kí wọ́n fún mi. Mo gé e yípo, mo gé ihò àárín, mo gé ihò ìdè méjèèjì. Ahọ́n mi wà níta. Mo rò pé tí mo bá gé e dáadáa, ohun tí mo sọ lẹ́nu ọkọ̀ yóò kúrò nílẹ̀.

Wọ́n dè é, wọ́n bu omi sí i, wọ́n tan ọkọ̀. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀, tó, tó, tó, láti ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ mi wà. Táàsí dìde. “Ẹ ò rí i?” ó ní. “Ẹ ò rí i?” Ìyá mi yíjú, ó lọ síbi agbada rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ́. Mo bú sẹ́kún. Ọ̀gá Làmídì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan omi náà, ó sì wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Páálí ló mu omi,” ó wí. “Gígé rẹ dára. Lọ́la, màá mú ìwé tó yẹ wá, ìwọ ni wàá gé e.”

Ó mú un wá lóòótọ́, ìwé líle kan tó dúdú díẹ̀. Mo gé e. Ó fi girísì pa á lójú méjèèjì, ó dè é. Ọkọ̀ náà dún títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná. Ẹ̀kán omi kan kò bọ́.

Lọ́jọ́ ọjà, bàbá mi di àpò mẹ́jọ. Táàsí fúnra rẹ̀ ti èyí tó kẹ́yìn wọlé pẹ̀lú èjìká rẹ̀; kò bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sọ pé òun ṣàṣìṣe, ní gbogbo ayé rẹ̀ kò sọ ọ́. Bàbá mi ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Ó ní, “Ìyá Àṣàbí, ó yá.” Ìyá mi dúró lẹ́nu ilé ìdáná, ó ti wọ aṣọ ọjà rẹ̀.

“Kí Àṣàbí sọ ọ́,” ó ní. Ohùn rẹ̀ kò le rárá. “Òun ló ní kí n sọ̀kalẹ̀.”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Mo wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá omi ń jò. Mo wo Táàsí, ó ń wo ewúrẹ́. Tí mo bá ní kí ó wọlé, tí ọkọ̀ sì hó, èmi ni mo fi í sínú rẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé nísinsìnyí tí mo bá rántí, ojú a máa tì mí fún ìdúró náà ju fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà mo ní, “Màmá, ẹ wọlé.” Ó wọlé. A lọ. A kọjá ibi igbó ọ̀pẹ yẹn. Abẹ́rẹ́ gbéra díẹ̀, ó padà sí àárín, ó dúró síbẹ̀. Nígbà tí a rí àwọn ilé Sakété, bàbá mi mí èémí tó gùn kan. Ìyá mi kò mí bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà rẹ̀ lórúkọ.

Bàbá mi ti kú, Táàsí náà ti kú. Mi ò bi bàbá mi rí bóyá ó gbà pé ìyá mi ló ń mú ọkọ̀ hó, ó sì dùn mí pé mi ò bi í. Ìyá mi ṣì wà, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbóná. Lọ́dún tó kọjá, nílé mi, mo ṣe ọkàn gírí, mo bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Mo rò pé kò rántí.

“Inú mi dùn nígbà tí o sọ ọ́,” ó ní. “Èmi náà ti gbà pé èmi ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò gbiná lọ́jọ́ kan tí ìwọ àti bàbá rẹ wà nínú rẹ̀, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ pé mi ò lọ mọ́. Ìwọ lo bá mi sọ ọ́.”

Mi ò mọ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí n sunkún. Mo ti gbé ẹ̀bi kan fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, ó sì gbà á lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní òmíràn tó wúwo jù ú lọ: pé ìyá mi jókòó nínú ilé wa, ó ń bẹ̀rù ara rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kì í ṣe òun.

“Ìwọ ńkọ́?” ó bi mí. “Ṣé ó ṣì ń ṣe ọ́ bíi pé èmi ni?”

“Rárá, Màmá.”

Mo yára sọ ọ́ jù, nítorí ìbéèrè ìgbà ọmọdé yẹn kò tíì lọ tán. Ó yí ojú rẹ̀ sí ibi tí ohùn mi wà, ó ń wá mi, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ gbé oúnjẹ wá.